Yẹ̀pẹ̀ Dúdú Tí Mo Gbé Wọ Ẹ̀pẹ́

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ojú mi kì í kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, ẹni tí wọ́n rán lẹ́yìn mi á ti lọ á ti bọ̀, èmi á ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mò ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ walẹ̀. Ìyá mi a ní òun kò mọ̀ bóyá adìyẹ ni òun bí. Nígbà tí mo wá di olùkọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòròdú, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní àṣé wọ́n ń sanwó fún ilẹ̀ wíwò.

Ìtamágà, ní Ìkòròdú níbẹ̀ náà, ni mò ń gbé. Bí mo bá ń lọ tí mo rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé, ẹsẹ̀ mi á kọ̀. Màá dúró, màá máa wo bí ilẹ̀ ṣe pín sí ìpele ìpele: dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lókè níbi tí ewé ti jẹrà, pupa rúsúrúsú nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa tó jinlẹ̀ títí ojú kò fi ní rí ìdí rẹ̀ mọ́. Àwọn bíríkìlà á bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí ni?" Màá ní rárá o, ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọn á wo ara wọn lójú, wọn á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ọmọ bíbí ibí. Òkúta kan wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìlú àwọn ẹlòmíràn. Òjò jẹ ẹ́, oòrùn jẹ ẹ́, odò wá ń kó èérún rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé etí ọ̀sà. Àlejò ni yẹ̀pẹ̀ tí a ń tẹ̀ ní Ìkòròdú, àlejò náà ni iyanrìn Ẹ̀pẹ́. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí àwa tí a ń gbé lórí rẹ̀ náà, ọkọ̀ ojú omi ló kó àwọn baba ńlá wa láti Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá ti sọ èyí tán, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé torí ìdánwò, wọn á sì bi mí bóyá aago ti fẹ́ lù.

Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ilẹ̀ kan wà tí kì í ṣe àlejò. Apẹja ni, òun ni àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, ìyá mi ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó bá àwọn apẹja mìíràn lọ sí Kamẹrúùnù nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ó sì máa ń fi fóònù pè wá láti etí òkun níbẹ̀. Ìyá mi á bi í bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń kírun. Bó bá wá kàn mí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a máa ń sọ, torí ó mọ̀ mí. Ó ní dúdú ni iyanrìn etí òkun ibẹ̀. Ó ní òkè gíga kan wà lẹ́yìn wọn tó máa ń bi iná nígbà mìíràn, pé ohun tó bá bì náà á ṣàn wálẹ̀, á tutù, á di òkúta, òkúta náà á sì padà di oko kókò. "Wá wò ó fúnra rẹ," ó ní. "Mi ò ní lè sọ ọ́ tán lórí fóònù."

Ó pè, ó pè, nígbà tó yá kò pè mọ́. Ọdún kan kọjá, ọdún márùn-ún kọjá, ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Nínú àwọn tó dé láti ibẹ̀, ẹnì kan ní òun rí i lọ́jà, ẹlòmíràn ní ọkọ̀ kan dojú dé lójú òkun, òun kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà ní títì nínú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, àwọ̀n rẹ̀ wà lórí àjà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi sì ń ṣí ibẹ̀ láti gbá a. Bí fóònù ẹnikẹ́ni bá dún nínú ilé, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbórí sókè. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ojú ìyá mi ni mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá kan ṣí sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹsẹ̀ òkè náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ ṣe é sí. Mo sọ fún ìyá mi, ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ló tó sọ tirẹ̀. Ó wá di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Má kàn lọ wo yẹ̀pẹ̀ o. Bá mi wá àbúrò mi. Bó wà láàyè, bó ti kú, kí n ṣáà mọ̀."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi." Mo sì fẹ́ ṣe é lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí igbó yẹn ṣe rí. Ìkùukùu ni a máa ń jí bá, òun náà ni a máa ń fi sílẹ̀ lọ sùn. Òjò ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà rọ̀, ó kàn wà nínú afẹ́fẹ́ ni, ó ń kán láti ewé dé ewé, gbogbo rẹ̀ sì ń dún rọra bíi pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n mú wa dé ibi tí iná ti ṣàn kọjá láìpẹ́. Òkúta dúdú lọ salalu, ó rí gánnagàna, ihò kún inú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì, kò sí koríko kan lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí lé e. Àwọn olùkọ́ yòókù yọ fóònù, wọ́n ń yà mí ní fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin àgbàlagbà kan, àgbẹ̀ tó ń gbin kókò sí ẹsẹ̀ òkè náà, ló ń mú wa káàkiri. Ó mú wa dé orí òkúta tó ti pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nǹkan funfun kan sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí làpálàpá. Ó ní òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, pé ó ń jẹ òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewé kéékèèké, irú èyí tó máa ń hù lára igi ọ̀pẹ, á ta gbòǹgbò wọ inú ihò. Ewé á kú, á jẹrà, omi òjò á gba inú rẹ̀ kọjá, á kan díẹ̀, omi kíkan yẹn á sì máa yọ́ òkúta láti inú wá. Irin tó wà nínú òkúta á dípẹtà. Ìpẹtà yẹn ló sọ amọ̀ wọn di pupa, òun náà ló sọ ilẹ̀ tiwa di pupa ní Ìkòròdú àti ní oko Imota. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, mo mọ̀ ọ́n lórí, n kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Wọ́n fi ọjọ́ keje sílẹ̀ fún wa láti sinmi. Ọjọ́ yẹn ni mo ti yà sọ́tọ̀ fún etí òkun. Wákàtí kan péré ni bí mọ́tò bá tètè kún. Mo ti wọ bàtà, mo ti fi fọ́tò àbúrò ìyá mi sínú pọ́ọ̀sì, nígbà tí obìnrin àgbẹ̀ náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Madam, I get one place wey you never see," ó wí. Mo ní kí n yára wò ó ná.

Ó mú mi wọ inú igbó lọ, títí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti ya tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró gbọnrangandan. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lójú kan náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lórí rẹ̀ ni òkúta tó ti jẹrà wà, tó ṣì ní àwọ̀ òkúta àti ìrísí òkúta, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló rún bí iṣu sísè. Amọ̀ pupa wà lórí ìyẹn, yẹ̀pẹ̀ dúdú wá bo gbogbo rẹ̀, ó fúyẹ́, ó tutù, gbòǹgbò kókò sì ta sínú rẹ̀. Ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ, wọ́n wà lórí ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kúrò nílé rí. "Na here dem born am, na here e dey," obìnrin náà sọ fún mi, ó sì lọ sí oko rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Mo jókòó. Mo kàn fẹ́ jókòó díẹ̀ ni. Ìkùukùu ń lọ, ó ń bọ̀, mo rún òkúta jíjẹrà kan lọ́wọ́, mo tún rún òmíràn, mò ń rò ó pé òjò mélòó ló ti kọjá lórí èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Bóyá mo sùn, bóyá n kò sùn, mi ò lè sọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti lọ sí ẹ̀yìn òkè. Mo sáré dé gáréèjì, wọ́n ní mọ́tò etí òkun ti lọ tán. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù, ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí n ráyè. Mo bi awakọ̀ kan, mo bi obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan, wọ́n wo fọ́tò náà, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Mo wá sọ fún ara mi pé mo ti béèrè.

Yẹ̀pẹ̀ ni mo bù wálé. Àpò funfun kékeré mẹ́rin ni, ọ̀kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè fọwọ́ kàn án. Kó má baà tú dànù, mo fi ìborùn funfun mi dì í pọ̀, mo so ó dáadáa. Ọjọ́ méjì ni mo lò lójú ọ̀nà, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì kọ́kọ́ yà sí kí n tó máa lọ sí Ìkòròdú. Orí ń fọ́ mi, ohùn mi ti há, ìtìjú sì wà lọ́kàn mi, torí n kò tíì mọ ohun tí màá sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọlé láìsọ̀rọ̀, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù funfun náà síwájú àyà.

Ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wò mí. Ó wo ohun tí mo gbé.

"Ṣé láti ibẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kí ni?"

"Yẹ̀pẹ̀ ni."

Ó rọra gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìnnà lílláhì," ó wí. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ni, pé ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń ti ìdálẹ̀ kó aṣọ bọ̀, tòun kó yẹ̀pẹ̀. Ojú mi ti wúwo débi pé n kò wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo wẹ̀, mo sì sùn lọ.

Ẹni tó bá mọ àṣà wa á ti mọ ohun tí mo ṣe. Bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, yẹ̀pẹ̀ ojú sàréè rẹ̀ ni a máa ń bù. A ó dì í sínú aṣọ funfun, a ó gbé e wálé, a ó sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn baba rẹ̀. Àwọn àáfà kan kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbójú kúrò níbẹ̀. Mo mọ àṣà yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Inú igbó yẹn ni ọkàn mi ṣì wà.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wọn, ìyá mi ti fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ ilẹ̀, ó ti da àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, ó sì ti bò ó. Àáfà àdúgbò jókòó lórí ẹní, ó ń ṣàdúà. Ìyá mi rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo sùn," ó sọ fún mi. "Mo sùn títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà." N kò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Mo ní màá sọ ọ́ bí àáfà bá lọ. Àáfà lọ, àwọn obìnrin àdúgbò dé láti kí i kú ìrọ́jú. Mo ní ó di ọ̀sán, mo ní ó di ọ̀la. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi, n kò ní ohun tí màá fi ṣe àwáwí láti sá lọ. Ìyá mi ń jẹun, ó ń jẹ àjẹtán. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún lórí tábìlì, kò gbórí sókè, ó kàn ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pé ilẹ̀ ibẹ̀ náà ṣáà ni, pé bó bá kú lóòótọ́, kí ló burú? Irọ́ tí n kò pa ti ń bá mi gbé bí ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ keje, tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe fídáù rẹ̀, ìyá mi ṣí yàrá àbúrò rẹ̀. Ó di àwọn aṣọ rẹ̀, ó ní ti àáfà ni. Ó wá ránṣẹ́ pe apẹja kan ládùúgbò pé kó wá gbé àwọ̀n. Ọkùnrin náà gun àga, ó fa àwọ̀n sílẹ̀ láti orí àjà, eruku bo gbogbo wa. "Máa gbé e lọ," ìyá mi wí. "Ẹni tó ni ín kò ní bínú. Ó ti sinmi."

Ọkùnrin náà gbé e kọ́ èjìká. Mo rí i lọ́kàn mi bí àbúrò ìyá mi ṣe máa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan, tó máa wọlé, tó máa bá sàréè ara rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ dúró!" mo pariwo. "Màámi, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ sàréè. Yẹ̀pẹ̀ oko ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo bù ú fún."

Apẹja náà sọ àwọ̀n kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ṣé o rí i ni, àbí o kò rí i?" ìyá mi béèrè.

"N kò rí i, Màámi."

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"N kò dé etí òkun."

"Báwo ló ṣe jìnnà tó sí ibi tí o wà?"

"Wákàtí kan."

"Kí lo wá ń ṣe?"

Mo wá irọ́ tí màá pa, n kò rí. "Mò ń wo òkúta, mà."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní kí ọkùnrin náà dá àwọ̀n padà sórí àjà, ó mú ọkọ́, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Òjò kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí náà wọn kò tíì dàpọ̀: iyanrìn Ẹ̀pẹ́ funfun, yẹ̀pẹ̀ tí mo bù wá dúdú, ibi tí amọ̀ pupa sì wà hàn kedere. Ó fi ọkọ́ ṣí ojú rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣà á bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà, ó ń kó o sínú abọ́. "Ẹni tó wà láàyè kì í ní sàréè," ló ń sọ lábẹ́ ẹnu. "Bàbá wa, ẹ má bínú." Mo kúnlẹ̀ ní òdìkejì, mò ń bá a ṣà á, omijé kò sì jẹ́ kí n ríran dáadáa. Ó pẹ́ ká tó dé orí èyí tó le.

"Òkúta lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó máa di yẹ̀pẹ̀."

"Ìgbà wo?"

"Kò ní ṣojú wa, Màámi. Kò ní ṣojú ọmọ wa."

Ó yí i lọ́wọ́, ó gbé e sínú abọ́, ó sì ránṣẹ́ sí àáfà pé kò sí fídáù mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo di ẹrù mi láti padà sí Ìkòròdú. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ti jókòó síbẹ̀. Ó wọ híjáàbù, ó wọ bàtà, báàgì tó gbé lọ sí Mẹ́kà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fọ́tò àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ibo lẹ ń lọ?"

"Kamẹrúùnù."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí.

"Ọjọ́ méjì gbáko lójú ọ̀nà ni, mà. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n padà lọ. Èmi nìkan á lọ, màá gba etí òkun tààrà, mo fi Ọlọ́run búra."

Ó wò mí. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi í gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ká jọ lọ," ó wí. "Ìwọ á máa wo òkúta rẹ. Èmi á máa wo ojú àwọn ènìyàn."